Rọ́bà Tó Ń Bomi Rin Koríko

[Obìnrin àgbẹ̀ kan ló pe àbúrò rẹ̀ láti inú oko tòmátì. Àbúrò yìí, Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ti ń ṣe rọ́bà oko, irú èyí tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sídìí ohun ọ̀gbìn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ariwo ẹ̀rọ.]

ẸNJINÍÀ: Hello! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o—

Ẹ̀GBỌ́N: Kú iṣẹ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ẸNJINÍÀ: Wọ́n wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ o! Aago mẹ́rin lẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín máa wá wo rọ́bà mi lóko yín, àbí? Mo ti lọ aṣọ.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti lọ aṣọ.

ẸNJINÍÀ: Kóòtù gan-an ni mo fẹ́ wọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Nínú oòrùn yìí? Ó dáa. Koríko oko mi ń kí ọ.

ẸNJINÍÀ: Kí lẹ wí? Network yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní koríko oko mi ń kí ọ! Ṣé o gbọ́ mi? Ó ti ga dé orúnkún mi. Ó tutù yọ̀yọ̀.

ẸNJINÍÀ: Ẹ ò rí i! Mo sọ fún yín! Ilẹ̀ tó bá ti rí rọ́bà mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì dórí tòmátì.

ẸNJINÍÀ: Ẹn-ẹ́n, tòmátì ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun náà ń kí ọ. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí ọ.

ẸNJINÍÀ: Ìdọ̀bálẹ̀ kẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti sùn sílẹ̀! Nínú márùn-ún, ẹyọ kan ló dúró. Àwọn tó ti yọ òdòdó ń gbọn òdòdó dànù. Láti àárọ̀ lèmi àtàwọn ọmọ ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọnmi, ọrùn ti ń ro wá.

ẸNJINÍÀ: Á jẹ́ pé ẹ ò ṣí táńkì tán.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ṣí i tán.

ẸNJINÍÀ: Àbí táńkì ti wà nílẹ̀ jù. Ẹ mọ̀ pé omi—

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ga jù ọ́ lọ.

ẸNJINÍÀ: Àbí ẹ gbin tòmátì yẹn wọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnjiníà! Ìgbà tí ikun ṣì ń ṣàn nímú rẹ ni mo ti ń gbin tòmátì!

ẸNJINÍÀ: Ó dáa, ó dáa. Ẹ sọ bí omi ṣe ń kán fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń kán dáadáa. Àmọ́ kì í kán sídìí tòmátì. Ó ń kán síwájú rẹ̀, ó ń kán sẹ́yìn rẹ̀, bí àlejò tí wọn ò júwe ilé fún. Koríko ló ń yà sọ́dọ̀. Mo tiẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kan kún un—

ẸNJINÍÀ: Yéè! Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í lù ú! Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń dẹ omi lẹ́sẹ̀, kó má baà—

Ẹ̀GBỌ́N: Kó má baà tú sí mi lójú. Ó ti tú sí mi lójú.

[Ohùn ń já.]

ẸNJINÍÀ: Hello? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ.

ẸNJINÍÀ: Ihò sí ihò, ọgbọ̀n ni. Precision ni, Ẹ̀gbọ́n! Èmi fúnra mi ni mo ṣe design yẹn. Tòmátì yín, ọgbọ̀n; ihò tèmi, ọgbọ̀n. Kò sí bí wọn ò ṣe ní pàdé. Ẹ wá nǹkan fi wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Téèpù tí mo fi ń ránṣọ wà lápò mi. Dúró.

[Ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ọgbọ̀n.

ẸNJINÍÀ: Ọgbọ̀n! Kí ni mo wí? Kí ni mo—

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú íǹṣì ni mò ń wò.

[Ẹnjiníà ń ṣí ìwé wáràwárà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnjiníà. Ṣé o gbọ́ mi?

ẸNJINÍÀ: Ẹ yí téèpù yẹn padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo yí i. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sẹ̀ǹtímítà.

ẸNJINÍÀ: Mo gbé. Sẹ̀ǹtímítà ni mo kọ sínú ìwé. Íǹṣì ló wà lára ẹ̀rọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló yí nọ́ńbà sí ọgbọ̀n?

ẸNJINÍÀ: Ọwọ́ kan ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ ta?

ẸNJINÍÀ: Èyí tó so mọ́ èjìká mi. Baba Ẹ̀rọ, baba tó ń darí ẹ̀rọ wa, kìlọ̀ fún mi o. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ihò yìí jìnnà síra." Mo ní, "Baba, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló lọ yunifásítì?"

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n wá wí?

ẸNJINÍÀ: Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ni wọ́n bá ń báṣẹ́ lọ. Ogójì róòlù, Ẹ̀gbọ́n! Èmi tí mo gbé ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta kọ́ ògiri, tí àlejò ò bá kà á, màá kà á sí i létí! Ká ní koríko nílùú ni, wọn ì bá ti fi mí joyè.

[Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín.]

ẸNJINÍÀ: Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé elégédé ni mo ṣe é fún. Elégédé máa ń fẹ́ àyè—

Ẹ̀GBỌ́N: Elégédé mi wà lẹ́bàá odò, màá gbé rọ́bà yẹn lọ síbẹ̀, kò ní ṣòfò. Àmọ́ a ò ní parọ́. Èmi ni mo lọ bá àwọn àgbẹ̀ yìí nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Àbúrò mi ni, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀." Tó o bá parọ́ fún wọn, èmi ni mo pa á. Ṣé o gbọ́ mi?

ẸNJINÍÀ: Mo gbọ́ yín, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Tòmátì yìí ni mo gbójú lé lọ́dún yìí. Bí omi ò bá dé ìdí rẹ̀ lónìí, kò ní rí ọ̀la.

ẸNJINÍÀ: Mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, íǹṣì méjìlá ni. Ẹ mú un dání— Baba! Baba Ẹ̀rọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sí méjìlá! Méjìlá! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Baba.

[Ẹ̀rọ ń lu ihò: tá-tá-tá-tá.]

ẸNJINÍÀ: Ó ti ń jáde. Mo wọ̀n ọ́n, méjìlá. Mo tún un wọ̀n, méjìlá. Baba náà wọ̀n ọ́n. Tó bá fi máa di aago kan, mo ti gbé róòlù mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ yín, a ó sì tẹ́ ẹ kí wọ́n tó dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wá fẹ́ sọ fún wọn?

ẸNJINÍÀ: Ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wàá lè sọ ọ́? Ìwọ tó o fọ́ àwo ní kékeré, tó o ní àwo ló yọ̀?

ẸNJINÍÀ: Ó kúkú yọ̀— Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi yín dánra wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n.

[Ohùn ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí? Mi ò gbọ́.

ẸNJINÍÀ: Mo ní ẹ má bínú! Èmi ni mo ṣì í—

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ṣì í? Ó ń já! Ṣé o gbọ́ mi?

ẸNJINÍÀ: Èmi! Mo ní èmi!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo jù!

ẸNJINÍÀ: MO NÍ ÈMI NI MO ṢÌ Í WỌ̀N! BABA Ẹ̀RỌ SỌ FÚN MI, MI Ò GBỌ́! ÈMI NI MO—

[Wọ́n pa ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́.]

BABA Ẹ̀RỌ, LÓKÈÈRÈ: Ọ̀gá, gbogbo wa ti gbọ́, sà.

[Ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hello? Ẹ̀rín ta ni mò ń gbọ́ yẹn?

ẸNJINÍÀ: Tàwọn òṣìṣẹ́ mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí ò tíì gbọ́. Mo ní—

[Ìpè já.]