Irọ́ Yunifásítì Tí Mo Pa Ló Gba Iṣẹ́ Dókítà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Padua ni mò ń gbé ní ilẹ̀ Italy, mo sì ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ tí mo ṣẹ̀ gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ǹ bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Nàìjíríà nítorí irọ́ mi, oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé.

Ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé. Mi ò ka ìkẹfà. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó.

Ìlú tí yunifásítì wà ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo di ọmọ ogún ọdún, mò ń fọ aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn. Mo mọ gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà náà. Mo mọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèdánwò, mo mọ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún àwọn olùkọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n á máa kàwé sókè nínú yàrá, èmi á jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì mi lẹ́nu ọ̀nà, màá máa sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo dé Padua, Via Anelli, àdúgbò tí àwa àjèjì pọ̀ sí, ni mo kọ́kọ́ gbé, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ ń sọ ohun tí kálukú jẹ́ nílé kó tó wá máa tọ́jú arúgbó fún òyìnbó. Ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì lòun. Ọ̀kan ní tíṣà lòun. Ó kàn mí. Mo ní mo ka Gẹ̀ẹ́sì jáde ní yunifásítì.

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí n mú sáítífíkéètì wá, torí wọn kì í sábà ka ìwé tiwa sí níbí. Ẹni tó lọ sí yunifásítì àti ẹni tí kò lọ, ìdí arúgbó kan náà la jọ ń nù.

Ìjọ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí mi. Sẹ́kọ́ńdírì ni òun kà dé, ilé-iṣẹ́ bàtà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun mọ̀wé ju òun lọ, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

A bí ọmọbìnrin kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tọ́pẹ́. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwọn ìyá ìjọ ti máa ń mú un lọ sí ọsibítù kó bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà. Á tẹ̀ lé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, á tẹ̀ lé aboyún. Tó bá dé ilé, á sọ gbogbo rẹ̀ fún mi ní Italian, á ní òun náà á di dottoressa. Mo jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ. Mo ní ọmọ mi á ṣe dókítà.

Tọ́pẹ́ kì í ṣe olódo. Ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ ò ga tó ti àwọn ọmọ tí dókítà bí. Nígbà tó jáde liceo, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, tó ṣe ìdánwò àtiwọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó fìdí rẹmi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun dáadáa.

Olùkọ́ rẹ̀ kan tí wọ́n kọ́ ọ ní bàólójì wá ránṣẹ́ pe èmi àti Tọ́pẹ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, professoressa ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní yunifásítì kan ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lọ sí yunifásítì rí. Wọ́n á gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú máàkì tó rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi ọdún kan kọ́ wọn, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Máàkì Tọ́pẹ́ tó fún un. Ọmọ kan péré ni ilé ẹ̀kọ́ wọn lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Tọ́pẹ́ sì ni wọ́n fẹ́ mú.

A jókòó sí tábìlì kan, àwa mẹ́ta. Tọ́pẹ́ ń ka fọ́ọ̀mù, ó ń kọ ọ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti bèèrè ìwé tí òbí kà. Kò tilẹ̀ bi mí. Ó kọ ti bàbá rẹ̀, ó rò pé òbí kan tí kò lọ ti tó, ó wá kọ laurea, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, síwájú orúkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Professoressa wo fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní kí Tọ́pẹ́ bá àwọn lọ ṣe ẹ̀dà ìwé kan nísàlẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n fà sún mọ́ mi.

Wọ́n ní, "Signora, tí òbí kan bá ní laurea, wọn ò ní gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ṣé lóòótọ́ lẹ jáde ní yunifásítì? Kò sẹ́ni tó máa fojú kéré yín níbí."

Ẹ wò ó, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo jáde. Mo tún sọ orúkọ họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo ní mo gbé fún wọn.

Wọ́n ṣe "ah" kékeré kan. Wọn ò tún bi mí mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí gbèdéke àtifi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ pé. Lọ́jọ́ kejì, mo gbàyè lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, mo padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo dé ẹnu géètì. Mo rí professoressa nínú ọgbà, wọ́n ń bá àwọn òbí kan sọ̀rọ̀. Mo jókòó sí ibùdókọ̀ tó wà lódìkejì. Mo ń ṣètò Italian tí mo máa sọ. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá. Mo wọ ìkẹrin, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ kíláàsì Tọ́pẹ́ kan, ọmọ ará Morocco tí bàbá rẹ̀ ń kọ́lé, òun ni wọ́n mú.

Lọ́jọ́ tí Tọ́pẹ́ gbọ́, mo bú sẹ́kún ní kíṣìnì. Ó wá dì mọ́ mi. Òun tó jẹ́ pé Italian ló máa ń fi dá mi lóhùn, Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Màámi, ẹ má sunkún. Ẹ̀bi yín kọ́. Ìwé tí ẹ kà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Mo gbọ́ ọ. Mo jẹ́ kó nu ojú mi.

Ó tún ìdánwò ṣe lọ́dún kejì, ó tún fìdí rẹmi. Ó lọ sí Novara, ó ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ aláìsàn, Turin ló wà báyìí, ní ọsibítù kan. Ó ń gbé aláìsàn dìde, ó ń wẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe ni, yúnífọ́ọ̀mù ló yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Morocco ti ń sún mọ́ àtijáde. Tọ́pẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, nínú aṣọ funfun, inú rẹ̀ dùn fún un látọkàn wá. Mo ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Ní báyìí, orúnkún ń dùn mí, mi ò lè gbé arúgbó dáadáa mọ́. Tọ́pẹ́ ṣe ìwádìí kiri, ó ní tí òun bá rí sáítífíkéètì mi gbà, tí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ka ìwé mi sí níbí, mo sì lè rí iṣẹ́ ìjókòó ṣe. Mo ní ó ti sọnù. Ó ní kò burú, òun á lọ sí yunifásítì náà fúnra òun láti gba òmíràn. Mo ní kó má ṣe wàhálà. Ó ní wàhálà wo, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún òun. Kò dé Nàìjíríà rí. Ó ti gbàyè níbi iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yẹn á dúró níwájú akọ̀wé kan, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Á ní kí wọ́n tún un wò. Mo mọ ọmọ mi, á bá wọn jà nítorí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló pè. Bàbá rẹ̀ jókòó tì mí. Ó ní, "Màámi, ọdún wo lẹ jáde? Orúkọ wo ló wà nínú ìwé náà, ti bàbá yín ni àbí ti dádì?" Mo dárúkọ ọdún kan. Mo ní ti bàbá mi ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á padà fún mi kó má baà ṣì í, ó sì dúpẹ́. Ọkọ mi ní ọmọ yìí á jẹ́ ká jẹun ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọkọ mi tàbí ọmọ mi? Ṣé kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a ní Turin, àbí kí n kọ ọ́ báyìí fún un? Mo ti dán an wò lẹ́nu ara mi. Mo lè sọ pé mi ò lọ sí yunifásítì. Ibẹ̀ yẹn ti ń rọrùn. Èyí tó kù ni mi ò rí sọ: pé olùkọ́ rẹ̀ bi mí nígbà tó wà nísàlẹ̀, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n rò ó, mo sì mọ ohun tí ìdáhùn mi máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ti ṣe irú èyí fún rí, kí ni ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ?