Iná Apá Òsì Tí Mo Ní Kò Tàn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, nítorí mo gun àtẹ̀gùn pẹpẹ yìí fúnra mi, mi ò sì ṣubú. Ẹ ṣeun. Ẹ má tíì pariwo jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Alàgbà tó ń darí ìsìn ti sọ fún mi pé kí ẹ̀rí má gùn. Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kò ṣeé gé kúrú, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ẹ ń pè ní Tíṣà. Ìntírò-Tẹ́ẹ̀kì, ẹ̀kọ́ iná àti ẹ̀rọ, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ní Ìsẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń gun máṣíìnì mi láti Èmùré níbí lọ síbẹ̀. Tí a bá parí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, mo tún máa ń gùn ún padà. Ẹ sì mọ̀ pé tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé yín, fáànù ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, èmi lẹ máa ń pè. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ìṣòro yìí bá. Èmi ni ẹni tó gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò nídìí, àti pé inú wáyà ni ìdí náà máa ń wà.

Nígbà òjò tó kọjá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán, mo ń bọ̀ láti Ìsẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan ru igi ìdáná, ó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lápá òsì mi. Ọlọ́run mi, mi ò rí i! Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni igi tó ń já lulẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo bojú wẹ̀yìn, màmá ti jókòó sínú koríko, ó di orókún mú. Èjìká mi ló kọlu ẹrù orí rẹ̀. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó ní, “Jẹ́jẹ́ mi ni mo ń lọ ulé mi o! Uná máṣíìnì rẹ dà?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Iná mi ni kò mọ́lẹ̀ dáadáa.”

Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Orókún rẹ̀ bó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń dúpẹ́ fún. Mo gbé e délé, mo padà wá kó igi rẹ̀.

Ni mo bá pe àbúrò mi tó ń gbé Èkó. Mo ní kó bá mi ra iná LED méjì, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń dè mọ́ irin iwájú. Ó fi rán awakọ̀ kan, mo lọ gbà á ní Ìkéré. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi so ó. Mo tú ìjókòó kúrò, mo fa wáyà láti ara bátìrì, mo fi fíúùsì sí i lójú ọ̀nà, mo gbé rìléè tó ń gbé iná fún gílóòbù sábẹ́ táńkì níbi tí òjò ò lè dé, mo mú súwíìṣì wá síbi tí àtàǹpàkò mi ti lè kàn án. Wáyà dúdú lọ sára irin máṣíìnì. Mo ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kó lè gbá irin mú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ̀ pé mi ò fi ṣeré. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, oúnjẹ tutù síbẹ̀. Nígbà tí mo tẹ súwíìṣì nírọ̀lẹ́, àgbàlá wa funfun báláú, àwọn adìyẹ tó ti wọlé sùn tún jáde wá jẹ̀.

Inú mi dùn. Mo gùn ún bọ́ sójú títì. Apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ kedere, mo rí gọ́tà, mo rí koríko. Apá òsì dúdú.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró níwájú iná òsì, mo tẹjú mọ́ ọn. Ó ń tàn! Mo padà sórí ìjókòó, mo tẹ̀ síwájú, mo wo ọ̀nà, apá òsì tún ti dúdú. Ẹ̀yin ará, kí ni ẹ fẹ́ kí tíṣà rò? Mo ní wáyà ò di ara wọn mú dáadáa ni. Tí máṣíìnì bá dúró, iná á wá, tó bá ti ń gbọ̀n, iná á lọ. Ó yé mi bí omi mímu. Mo tú u, mo tún un so, mo fi téèpù dúdú wé e. Ó tún ṣe bákan náà. Mo yọ iná òsì sí ọ̀tún, mo yọ tọ̀tún sí òsì, apá òsì náà ló ṣì dúdú. Mo ní, ṣé ẹ rí i, gílóòbù kọ́, wáyà ni! Mo fa wáyà tuntun. Mo pààrọ̀ rìléè. Mo tún ní kí àbúrò mi wá èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń bọ̀ níwájú wá ń ṣépè fún mi lójú títì pé ṣé mo fẹ́ fọ́ àwọn lójú ni.

Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Bàbá Dàpọ̀, uná méjèèjì ló ń tàn o.”

Mo ní, “Ìyá Dàpọ̀, ẹ̀yìn mi lo wà. Kí lo rí?”

Nígbà tó yá, ó tún sọ ọ́. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó ní kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn délé.

Nígbà tí mo ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Wáyà tí mo fọwọ́ ara mi so! Mo ti kọ́ ọmọ tó ti di ẹnjiníà, kí iná máṣíìnì lásán wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń pa iná mi. Mo ro àwọn ará ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ro àwọn ará ibi iṣẹ́. Mo ti mú ẹni mẹ́ta nínú ọkàn mi, Ọlọ́run má jẹ́ kí n dárúkọ wọn.

Mo wá gun máṣíìnì wá sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀. Ẹ yí mi ká, ẹ ń pariwo pé iná Tíṣà ò ní kú, èmi náà ń ṣe Àmín láti inú ìfun mi. Màmá kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá fi ìwé orin na iná òsì bí ẹni ń na ọmọ aláìgbọràn. Pásítọ̀ ta òróró sí i lórí. Èmi jókòó sórí máṣíìnì, mo kọjú síwájú, mo ń retí.

Lẹ́yìn àdúrà, mo gbọ́ ohùn Pásítọ̀: “Tíṣà, ṣé a ń jà ni?”

Mo yíjú. Ọwọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá òsì mi, wọ́n ti nà án sí mi, ó sì ti pẹ́. Èmi! Kí Pásítọ̀ na ọwọ́ sí mi kí n má gbà á! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Wọn ò bínú.

Wọ́n ní, “Ẹ wo iwájú. Ẹ má yíjú o. Kí ni mo mú lọ́wọ́?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ìgò òróró ni. Wọ́n gbé e sókè, gbogbo yín ń wò ó, èmi nìkan ni mi ò rí i.

Pásítọ̀ ní, “A ò ní gbàdúrà lé máṣíìnì yìí mọ́. Lọ́la, ẹ lọ sí Adó, ẹ lọ yẹ ojú yín wò.”

Inú bí mi. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ìgbàgbọ́ wọn ló ti rẹ̀. Ìyàwó mi ló fà mí wọ mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n bo ojú mi kan, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n tẹjú mọ́ àárín. Wọ́n ní iná kéékèèké á máa tàn káàkiri, tí mo bá ti rí ọ̀kan kí n tẹ bọ́tìnnì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tàn, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, iná ò wá mọ́. Mo dúró títí. Mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní, “Ẹ bá mi wo wáyà ẹ̀rọ yín, ó jọ pé ó ti já.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ̀rọ wa ò ṣe nǹkan kan, sà. Iná ń tàn. Ẹ ṣáà máa wò ó.”

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo di bọ́tìnnì mú, mi ò rí ohun tí mo máa tẹ̀ ẹ́ fún.

Dókítà, obìnrin kan báyìí, ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní gùlàkómà ni. Kì í dunni, ó kàn ń jẹ iṣan inú ojú díẹ̀díẹ̀. Ojú òsì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Tọ̀tún náà kò ríran mọ́ níhà tó kọjú sí imú, ìdí nìyẹn tí gbogbo apá òsì fi ṣókùnkùn sí mi. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa padà.

Wọ́n ní, “Èyí tó ti lọ kì í padà, sà. Èyí tó kù la fẹ́ dì mú.”

Ẹ̀yin ará, mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, níwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Màmá onígi yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, tí mo bá ti pa á ńkọ́? Mo rántí àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé apá òsì ní kíláàsì mi, tí wọ́n ń ráhùn pé n kì í pè wọ́n tí wọ́n bá nawọ́. Mi ò rí wọn ni! Gbogbo àkókò yẹn, wáyà mi ò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí a délé, mi ò jẹun. Mo máa ń bo ojú kan, mo máa ń ṣí èkejì, mo máa ń wo ògiri bóyá ó tún ti dín kù sí i. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín lórí pẹpẹ, mi ò lè gbàdúrà. Tí ìyàwó mi bá ní kí a kúnlẹ̀, òun ló ń gbà á, èmi á máa wo ilẹ̀. Mo bi Ọlọ́run pé, ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ojú ni mo fi ń jẹun, kí ló dé tí kò mú ẹsẹ̀? Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin kan wá kí mi, ẹ ní màá gba ìyanu mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ, ó máa ń burú sí i.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Wọ́n fi bándéèjì dì í, ó wá ku òsì tí kò ríran. Báyìí ni mo ṣe mọ bó ṣe máa rí tí gbogbo rẹ̀ bá lọ. Mo ń gbọ́ ìró ṣíbí kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ ti dé ẹnu mi. Mo ń fọwọ́ tá ògiri kí n tó dé ilé ìyàgbẹ́ ara mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ pé bí màá ṣe wà nìyí, kó má jẹ́ kí n jí. Mo sọ ọ́, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó sunkún, ó sì tún bu oúnjẹ míì sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì, mo rí ìka Dókítà. Mo rí fèrèsé. Mo rí ojú ìyàwó mi, ó ti rù kanlẹ̀, mi ò mọ̀ pé ìyà mi ti jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ní omi tó ń há sínú ojú ti rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ní tí mo bá ń kán oògùn, tí mi ò sì fi àyẹ̀wò ṣeré, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù bá mi kalẹ́.

Ẹ̀rí mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n ní ojú òsì ti là. Kò là. Mi ò gun máṣíìnì mọ́, mọ́tò tasín ni mo ń wọ̀ lọ sí Ìsẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá jí, ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ bà mí kí n tó ṣíjú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà lọ́rùn mi, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Díẹ̀ náà ni mo gbé wá síwájú rẹ̀ láti fi dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dàgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Kì í dunni, kì í kìlọ̀.

Ní báyìí, bí mo ṣe kọjú síwájú yìí, mo rí ẹ̀yin akọrin lápá ọ̀tún, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá òsì, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, mo sì mọ̀ pé ìyàwó mi wà láàárín yín. Mi ò rí ẹnì kankan nínú yín. Lójú mi, àga yín ṣófo. Ẹ bá mi ké Halelúyà, kí n lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.