Iṣu Tí Florence Yá

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí, n kò lè gbé e sùn mọ́." Florence tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. Láti àárọ̀ ni kò ti lè jókòó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ James ọkọ rẹ̀, tó ti ṣe wọ́dà rí, ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Kabba ti máa ń ṣèpàdé. Lọ́jọ́ náà, Florence fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Ọlábímtán, bàbá Délé, kó wá, ẹni tí wọn kì í kí mọ́ láti ọdún 1954. Ọlábímtán kí wọn pé, "Okun o." Florence nìkan ló dáhùn. Ọlábímtán bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rántí òyìnbó tí ìjọba rán wá wo bí a ṣe ń jẹun," Florence ní. "Iyọ̀ ti wọ́n, kẹrosíìnì ti wọ́n, owó ìfẹ̀yìntì yín sì dúró sójú kan. Ẹ ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i, kí ìjọba lè fi kún owó náà. Ojú tì mí! Gààrí lásán là ń mu nínú ilé yìí, èmi ìyàwó wọ́dà. James wà lóko. Mo yá iṣu lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo tò ó kún ibí yìí. Mo yá adìẹ, mo sè é fún òyìnbó. Ó ní kí ògbufọ̀ bi mí bóyá ebi ń pa wá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ebi kẹ̀? Èmi òmùgọ̀!"

James ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Èsì dé pé àwọn ará Kabba ń jẹun yó, kò sí àfikún. James bi mí pé, 'Ta ló ṣe èyí fún wa?' Mo ti rí Bàbá Délé tó ń fọ̀nà han òyìnbó náà. Mo ní òun ló sọ fún un pé a ń jẹun yó."

Èyí tó burú jù ló kù.

"Theresa ìyàwó rẹ̀ kú, ẹ kò lọ. Òun àti Délé ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbẹ́ sàréè. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n, mo sì pa ẹnu mọ́." Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Délé, ẹ dárí jì mí."

Ọlábímtán wò ó níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Theresa bi mí kó tó kú pé, kí la ṣe fún wọn?"

James ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn yòókù náà ń dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlábímtán kò ní kí ẹnikẹ́ni dìde.