Orúkọ Mi Lo Fi Pa Á

Jókòó síbẹ̀. Mo ní kó o jókòó, má kúnlẹ̀ fún mi, orúnkún rẹ ò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́ nínú ilé yìí. O gbójú gbóyà wá bá mi lọ́sàn-án gangan, o ní ìyá wa ló rán ọ, o ní wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Ikùn wo ni mo fẹ́ fọwọ́ wọ́? Ìwọ àbígbẹ̀yìn tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, ìwọ lo bọ́ orúkọ lára mi bí ẹni bọ́ aṣọ lára òkú, o wọ̀ ọ́, o fi pa obìnrin olóbìnrin.

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wàá sọ tìẹ.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí. Ìwọ náà wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì, ọdún kejì ni ìwé sú ọ, ta ló bá ọ wí? Èmi ni mo bẹ èèyàn kiri tí wọ́n fi gbà ọ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó orúkọ àwa nọ́ọ̀sì sí. O jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, inú mi dùn pé àbúrò mi ti rí ọ̀nà. Nígbà tó tó àkókò kí n sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi dọ̀tun, ìwọ lo ní kí n má da ara mi láàmú, o máa bá mi ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù mi, o ní kí n kà wọ́n fún ọ. Inú kíṣìnì ni mo dúró sí, ọṣẹ ìfọbọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo kà wọ́n fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún olè.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, o ní o ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. A ṣàdúrà fún ọ. Mo ra bàtà fún ọ, bàtà funfun, ṣé mo mọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe ni?

Mo ń gbé ọmọ tuntun lé ìyá rẹ̀ láyà nígbà tí ọlọ́pàá méjì wọ inú wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n pe orúkọ mi, mo ní èmi nìyí. Wọ́n ní obìnrin kan tó wá bímọ kú sí mi lọ́wọ́ ní ọsibítù kan tí n ò dé rí láyé mi, pé abẹ́rẹ́ tí mo gún un ló pa á, pé mo sì sá lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ níwájú aláboyún mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ń rọbí lọ́wọ́, ó di aṣọ mi mú, ó ń bi mí pé ta ló máa gbẹ̀bí òun.

Ní àgọ́ wọn, wọ́n ní kí n fi ìka lé ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ní èmi kọ́ ni mo ni orúkọ náà. Mo nu ìka mi mọ́ṣọ, mo tún gbé e lé e. Èmi kọ́. Ọ̀gá wọn wá bi mí pé ta ni mí gan-an. Ṣé o gbọ́ ohun tójú mi rí? Bí mo bá ní èmi ni mo ni orúkọ, apànìyàn ni mí. Bí mo bá ní èmi kọ́, olè ni mí, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ orúkọ olórúkọ. Ìgbà náà ló yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Fọ́tò rẹ ni. Orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, ilé ìwé mi, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ.

Mo ní àbúrò mi nìyí. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá wa. Ìyá wa wo fọ́tò náà, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní, "N ò mọ ẹni yìí. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́." Ìyá tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú! Má sọ fún mi pé wọ́n ń ṣàánú rẹ. Ṣé èmi, wọ́n rí mi he ni?

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa dé, ó kó àwọn ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí lọ́wọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà nínú wọn láti ọdún àkọ́kọ́. Obìnrin tó ń rọbí lọ́jọ́ náà tẹ̀ lé e, tòun ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n dá mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò lè wọ wọ́ọ̀dù títí dòní, nítorí nínú kọ̀ǹpútà, ìwọ ṣì ni èmi.

Kí lo wí? Ìgò méjèèjì jọra? Wọ́n jọra, bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ara ìgò ká tó fa oògùn inú rẹ̀. Ọdún kẹta ni wọ́n kọ́ wa ní ìyẹn. O ti lọ nígbà yẹn.

O ń sunkún. Ọkọ obìnrin tó kú náà pè mí, ṣé o mọ̀? Orí ìwé àṣẹ mi tó o fi gba iṣẹ́ níbẹ̀ ló ti rí nọ́ńbà mi. Ó ní ọmọ náà yè. Ó ní ikú ìyàwó òun ò dun òun tó bí nọ́ọ̀sì ṣe sá, tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó lè sọ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó òun sọ kẹ́yìn fún òun. Ó ń bi mí pé kí ló sọ. Kí ni n bá fi dá a lóhùn?

Tún un sọ, n ò gbọ́ dáadáa. Ta ló yọ ìtẹ̀ka mi tó fi tìẹ rọ́pò? Ìwọ fúnra rẹ? Kò sẹ́ni tó ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀? Ìyá wa sì mọ̀?

Ó dáa. Má wo ilẹ̀kùn, mo ti tì í. Láàárọ̀ tí ìyá wa pè mí pé o ń bọ̀ ni èmi náà ti ránṣẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ lè jáde ní yàrá wàyí. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.