Ìwé Tó Ní Ká Pín Iṣẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ìwé ní Agbowó, mo jókòó ti obìnrin kan tó ń kọ̀wé nípa bí a ṣe ń to ètò kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a mọ̀. Kò kí i tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, èyí kò sì dára tó.

"Mà, ìwé yín àkọ́kọ́ ló kó bá wa. Ẹ ní ká gé ètò ńlá sí kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. A gé tiwa sí ogún."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní ọ́fíìsì?"

"Mẹ́ta."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni mẹ́ta gbé ogún ìkòkò kaná. Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?"

"Àwa náà ni. Bí ọ̀kan nínú ètò náà bá dákẹ́, ìyókù á dákẹ́, a ò sì ní mọ èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ti ń sá lọ. Mà, ibo lẹ kọ ọ́ sí pé iléeṣẹ́ ńlá lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

 Obìnrin náà wo ìwé rẹ̀ tuntun tó gbé wá, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dì í." Ó sún fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Ibo ló ti kọ́kọ́ dàrú?"