Mọ́ọ̀dù Tí Kò Tíì Gbẹ

Òótọ́ tí Àbdùlkàdírì adàrin ti gbé mì fún ọdún mọ́kànlá, ọ̀sán Sátidé kan ló pọ̀ ọ́ jáde. Dókítà ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àbdùlkàdírì wá ní kí Hajarat, aya rẹ̀, bá òun ránṣẹ́ pe Olúṣọlá, tí wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ ìdàrin sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ipata ní Ìlọrin. Fọláṣadé, ìyàwó Olúṣọlá, ló fà á lọ́wọ́ wá láti àdúgbò Basin, torí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

"Ṣọlá, jókòó. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, Ọlọ́hun á bi mí."

Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń da irin rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kó àlòkù irin sínú ìléru, wọ́n á fẹ́ná sí i títí yóò fi yọ́, tí yóò máa ṣàn bí omi pupa, wọ́n á wá dà á sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi iyanrìn mọ. Irin yíyọ́ kì í bá omi ṣeré. Bí mọ́ọ̀dù bá tutù nínú, bí wọ́n bá ti da irin sí i, á bú gbàù. Ìdí nìyẹn tí Olúṣọlá fi máa ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbẹ nìkan ló ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí lára.

"Lọ́jọ́ yẹn, o lọ mu omi," ni Àbdùlkàdírì wí. "Mo rí i pé ọ̀kan ò ní ìlà. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Irin sì ti yọ́ tán. Bó bá dì mọ́ ìkòkò, iṣẹ́ òwúrọ̀ gbé nìyẹn. Mo ní ọ̀rinrin táṣẹ́rẹ́ ò lè ṣe nǹkan kan. Agídí èmi yìí! Mo mú ṣọ́ọ̀kì rẹ, mo fa ìlà sí i."

Fọláṣadé fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìlà yẹn lo rí tó o fi da irin sí i, tó fi bú mọ́ ọ lójú. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ní ọsíbítù, o ní, 'Kádírì, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ara mi jẹ́.' Mo jókòó tì ọ́, mo ní, 'Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe.' Ohun tí mo sọ fáwọn òṣìṣẹ́ náà nìyẹn. Ìtìjú lé ọ lọ, ilé-iṣẹ́ di tèmi. Mo tùúbà. Nítorí Ọlọ́hun, forí jì mí."

Fọláṣadé bú sẹ́kún. "Àlàájì! Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í bi mí pé, 'Ṣadé, báwo ni mo ṣe fa ìlà yẹn?'"

Olúṣọlá ń fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ kejì.

"Kì í ṣe èmi," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Fọláṣadé, o gbọ́? Kì í ṣe èmi."

Lẹ́yìn náà ló kọjú síbi tí ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá. "Ti ojú, mo forí jì ọ́. Àmọ́ àwọn tó gbọ́ irọ́ yẹn ńkọ́?"

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé-iṣẹ́. Àbdùlkàdírì ò lè dúró, orí àga ló ti sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá ṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín rù ú."

Abdulganiyu, tó pẹ́ jù nínú wọn, yọ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Olúṣọlá. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo máa ń sọ fáwọn tuntun pé kí wọ́n má ṣe bíi tiyín."

Olúṣọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan èjìká rẹ̀, ó sì gbé e dìde.