Ríbọ́ọ̀nù Pupa Orí Ọláṣùmbọ̀

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, mo kí yín. Ẹ̀yin ìjòyè Ayédé, ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó sínú oòrùn, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe tíṣà níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí, ni ẹ fi fara dà mí. Tíṣà Rónkẹ́, ìwọ tí o ń gba kíláàsì mi ṣe nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ mi bá wú, o ṣeun gan-an.

Láàárọ̀ yìí, ẹ na ríbọ́ọ̀nù sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tuntun, ẹ fi àlùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́ pé kí n gé e. Mo dá a padà fún yín láì gé e. Ẹ rò pé ogbó ni. Kì í ṣe ogbó.

A ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọkọ̀ ìyàwó, a ń fi di ẹ̀bùn, a ń fi dúdú rẹ̀ yí fọ́tò òkú ká. Nílé ìwé yìí, ríbọ́ọ̀nù búlúù nìkan la fàyè gbà lórí ọmọbìnrin, èmi ni mo sì ń ṣọ́ òfin yẹn.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Ọláṣùmbọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ kíláàsì mi pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù pupa. Irun rẹ̀ ti gbó. Mo ní kó tú u, ó fọwọ́ bo orí. Ó ní, "Yèyé mi ló so ó." Ṣé mi ò gbọ́ ni? Mo gbọ́ kedere. Ṣé mo bi í pé kí ló dé? Mi ò bi í. Mo pè é ní olóríkunkun, mo gé ríbọ́ọ̀nù náà lójú gbogbo ọmọ, mo jù ú sínú iná tí a fi ń sun ìdọ̀tí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Rónkẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ní Sátidé. Irun yẹn, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù náà, ni ìyá rẹ̀ dì fún un gbẹ̀yìn kó tó wọ ọsibítù. Ó dùn mí dé egungun, síbẹ̀ mi ò bẹ ọmọ náà. Mo ní ọmọdé á gbàgbé, mo ní tíṣà kì í bẹ akẹ́kọ̀ọ́. Títí ó fi jáde níbí, kò wo ojú mi mọ́. Ó ti di tíṣà ní Ọ̀tùn báyìí. Mo rí i tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún lónìí.

Kí Ọlọ́run tu gbogbo ọmọ tí kò níyàá nínú. Kó má jẹ́ kí àánú kúrò lójú ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Kó sin kálukú délé láyọ̀.

Ẹ ṣé o, ará Ayédé. Alága, ẹ bá mi gba máìkì yìí. Ọláṣùmbọ̀, má dìde, mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ.